Gáàsì Wo Lo Wí?

Irínwó yúrò ni Ìfẹ́táyọ̀ fi ránṣẹ́ sí Adélaní láti Padova ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, àsansílẹ̀ lórí iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ti dúnàádúrà rẹ̀ sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yúrò ó lé ogún. Kí oṣù náà tó parí, mẹ́tàdínlógún péré ló kù nínú irínwó ọ̀hún. Kì í ṣe pé Adélaní fi jẹun. Igba ó dín mẹ́rin ló fi ra sípíríǹgì pupa mẹ́rin, àwọn kúkurú tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ wálẹ̀. Igba ó dín mẹ́tàlá ló kó fún agenzia tó ń bá ènìyàn sáré ìwé, kí wọ́n lè gba ọjọ́ collaudo, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀, fún un ní Motorizzazione, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọkọ̀. Ní Ítálì, ènìyàn kò kàn lè rẹ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó sì máa gbé e kiri. Ẹnjiníà ìjọba gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú libretto, ìyẹn ìwé ọkọ̀. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá á gba ìwé, wọ́n á sì tún gba owó.

Ọkọ̀ tí a ń wí yìí kì í ṣe ọkọ̀ kékeré, kì í sì í ṣe jíìpù. Ó wà láàárín méjèèjì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní crossover, ó ga nílẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà gogoro. Nígbà tí Ìfẹ́táyọ̀ ń rà á, gíga yìí wù ú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé kejì ní yunifásítì Padova nígbà náà, ó ti ríṣẹ́, kò sì tíì lọ́mọ. Ìgbà tó bímọ, tí ìyá rẹ̀ ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá bá a tọ́jú ọmọ, ni gíga di wàhálà. Orúnkún ìyá náà kò fẹ́ gbọ́ orúkọ àtẹ̀gùn rárá. Kí ó tó lè wọ ọkọ̀, wọ́n á gbé àpótí ike tí wọ́n fi ń kó tòmátò sẹ́nu ilẹ̀kùn, ìyá á gun àpótí, ọmọ á sì máa ti ìdí ìyá láti ẹ̀yìn. Wọ́n ń ṣe èyí níwájú ilé ìwòsàn, wọ́n ń ṣe é níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn òyìnbó á sì dúró máa wò.

Ìfẹ́táyọ̀ ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Tó bá ta ọkọ̀ tó ra òmíràn tó kúrú, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin yúrò á bá a lọ. Tó bá fa èyí wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé ogún ni. Ẹnikẹ́ni tó mọ owó kà ti mọ èyí tí yóò mú. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fún un ní nọ́ńbà Adélaní.

Adélaní jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, abẹ́ ọkọ̀ ló sì ti lo púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Yẹ̀kínì ní Ìwó Road, n'Ìbàdàn. Lọ́rì nìkan ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀, àwọn lọ́rì òkè Ọya tó ń gbé ẹ̀wà àti màlúù, tó ń mu gáàsì bí ẹni ń mu omi. Nígbà tó dé Ítálì, kò sẹ́ni tó bi í ní ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ká písìì àti ápù ní Saluzzo fún ọdún méjì, ó sùn nínú àgọ́. Ó gbé ẹrù ní magazzino kan, ìyẹn ilé ìkẹ́rùsí, ní Settimo Torinese títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀. Lẹ́yìn náà ló bá signor Aldo pàdé.

Aldo jẹ́ bàbá àgbàlagbà ará Piemonte, ó ní officina kan, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ní Settimo níbẹ̀, pẹ̀lú ponte méjì, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ sókè. Ó yá Adélaní ní ọ̀kan ní igba ó lé ogún yúrò lóṣù, ọjọ́ karùn-ún oṣù sì ni ọjọ́ owó. Orúkọ Aldo ló wà nínú ìwé ìjọba, nítorí náà òun ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé wọ́n ti de sípíríǹgì bó ti yẹ. Ayálégbé tó wà níbẹ̀ ṣáájú Adélaní ti fi ìbọ̀wọ́lùwé yìí kó o sí gbèsè rí. Látìgbà náà, Aldo ní òfin kan, ó sì sọ ọ́ fún Adélaní lọ́jọ́ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́:

"Delani, ọkọ̀ rẹ kan ṣoṣo tí wọ́n bá dá padà ní Motorizzazione, kó irinṣẹ́ rẹ, kí o sì fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì."

Adélaní ti ṣe ọkọ̀ mọ́kàndínlógún lábẹ́ òfin yìí. Kò sí èyí tó padà. Ti Ìfẹ́táyọ̀ ni yóò pé ogún, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n sọ lórí fóònù ló fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, Màmá ní kí n bi yín bóyá ẹ lè gé ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà."

"A ò ní gé e. A ó kàn ní kó jókòó dáadáa ni. Ọdún wo ni wọ́n ṣe é?"

"2013."

"Kí ló ń mu?"

"Gáàsì ni."

"Gáàsì. Ó dáa. Ya fọ́tò libretto ránṣẹ́ sí mi."

"Bàbá ọmọ ló gbé ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Verona, ó dọjọ́ Àìkú kó tó dé. Tó bá ti dé, màá fi ránṣẹ́."

Ọjọ́ Àìkú jìnnà lójú Adélaní. Sàídù, ọmọ Yorùbá tó ń ta irinṣẹ́ ọkọ̀ ní Parma, ti sọ fún un pé òun yọ yúrò méjìdínlógójì kúrò lórí sípíríǹgì irú ọkọ̀ yẹn, ọjọ́ Sátidé ló sì ń parí. Adélaní pè é lójú ẹsẹ̀.

"Gasolio àbí benzina?" Sàídù bi í.

"Gasolio."

"Ó dá ọ lójú?"

"Olówó ọkọ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ọmọ Ìfẹ́táyọ̀ ṣe ibà lọ́jọ́ Àìkú yẹn, fọ́tò libretto kò sì dé. Adélaní náà kò béèrè mọ́. Ọjà ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti jèrè méjìdínlógójì, kí ló tún kù?

Ọjọ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá, ni Ìfẹ́táyọ̀ gbé ọkọ̀ dé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó ti fi ọmọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Collaudo di ọ̀la ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀. Bí ó ti ń wa ọkọ̀ gun orí ponte, Aldo ń fi ìbọn atẹ́gùn tú táyà ọkọ̀ míràn, ariwo náà sì bo gbogbo officina. Etí Adélaní kò gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń dún. Ó jọ pé bó bá ti gbọ́ ọ ni, ìtàn yìí kì bá tí sí.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Màmá. Ẹ jókòó síbí, ó móoru."

"Ìwọ ni Adélaní? Wọ́n ní o máa bá mi ká orúnkún mọ́tò yìí kó lè jọ tèmi."

"Tiyín ló máa wá dára ju tirẹ̀ lọ, Màmá."

"Àmín. Ṣùgbọ́n máa yára, ilé iṣẹ́ yín kò ní àga tó gbà mí."

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn máa ń yá. Wọ́n ti fi ike dúdú bo abẹ́ ọkọ̀ náà káàkiri, ibi tí sípíríǹgì jókòó sí nìkan ló ń rí. Ó tú ti ọ̀tún, ó tú ti òsì, ó fi àwọn pupa sí i. Àwọn nọ́ọ̀tì kan wà tí ènìyàn kì í dè pa àfi tí ọkọ̀ bá ti fẹsẹ̀ lélẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rọ́bà inú rẹ̀ á ya láìpẹ́. Nítorí náà ó sọ ponte kalẹ̀.

Ìdí ọkọ̀ lọ sílẹ̀, kò sì dúró níbi tó yẹ kó dúró.

Adélaní bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ìka mẹ́ta ló yẹ kó gba àárín táyà àti irin orí rẹ̀. Ó ki ìka kan bọ̀ ọ́, ó há. Ìdí ti wó sílẹ̀, imú sì gbójú sókè bí ọkọ̀ ojú omi tí èrò rẹ̀ kó sẹ́yìn.

"Kí lẹ kó sí búùtù, Ìfẹ́táyọ̀?"

"Iṣu méjì, ìwé ìnùdí ọmọ, àpótí Màmá."

Ó kó gbogbo rẹ̀ síta. Ọkọ̀ kò gbéra. Ó gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, ó gbé pákó abẹ́ rẹ̀, níbi tí táyà àfirọ́pò máa ń wà. Kò sí táyà níbẹ̀. Irin róbótó kan ló jókòó síbẹ̀, ó wúwo, ó ní ẹnu idẹ, wọ́n sì lẹ bébà mọ́ ọn lára.

"Ìfẹ́táyọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Kí lèyí?"

"Táńkì gáàsì ni."

"Gáàsì wo?"

"Gáàsì tí mo sọ fún yín. GPL! Irú èyí tí a fi ń dáná. Pẹtiróòlù àti gáàsì ló jọ ń lò."

Adélaní di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú, ó ṣí i. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì dísù ló wà níbẹ̀. Ó rọra pa á dé.

"O ní gáàsì."

"Gáàsì náà mà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n! Kí lẹ rò pé mo wí?"

Màmá ló kọ́kọ́ yé. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ẹ̀yin ọmọ yìí! Bàbá rẹ tó wa lọ́rì títí ojú rẹ̀ fi fọ́, ta ló gbọ́ dísù lẹ́nu rẹ̀ rí? 'Mo fẹ́ lọ ra gáàsì sí lọ́rì,' bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Gáàsì lọ́rì ni ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́. Ìwọ ń sọ ti ìdáná."

Kò sí ẹlòmíì tó rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá tí Adélaní ti lò ní Ítálì, ó mọ GPL bí ẹní mowó. Tó bá jẹ́ pé èdè Ítálì ni wọ́n sọ, kò sí bí ìbá ṣe ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n sọ, nínú Yorùbá tirẹ̀, gáàsì ti jókòó síbì kan láti ọgbà Ọ̀gá Yẹ̀kínì, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ di gasolio, ìyẹn dísù, fún Sàídù.

Sípíríǹgì tó rà wà fún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wúwo níwájú tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣófo. Ọkọ̀ yìí fúyẹ́ níwájú, ó sì gbé irin sẹ́yìn. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára sípíríǹgì náà kò sí nínú ìwé ẹ̀rí ọkọ̀ oní-GPL. Ẹnjiníà tó bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lọ́la á dá wọn padà.

Ẹsẹ̀ Aldo ló gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti wọ kóòtù, ó di ìwé agenzia mú lọ́wọ́ òsì, bírò sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Ẹ̀yìn ti parí? Bene. Jẹ́ kí n fọwọ́ sí i, kí n jù ú sí agenzia kí wọ́n tó lọ jẹun."

Ó tẹ́ ìwé lé orí àpótí irinṣẹ́, ó ṣí bírò. Kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Látìgbà tí ọkọ̀ Adélaní ti pé mẹ́wàá ni kì í bẹ̀rẹ̀ wò mọ́.

Ìfẹ́táyọ̀ sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ní Yorùbá: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa sọ fún un ni?"

Ojú Adélaní wà lára bírò. Ó mọ̀ pé àwọn ẹnjiníà kan wà tí kì í wò ju ìwé lọ. Ó lè ṣe iwájú báyìí, kó gbé àpò símẹ́ńtì kan sílẹ̀ níwájú kí imú ọkọ̀ lè tẹríba ní ọ̀la, kó sì máa gbàdúrà. Tó bá yege, ó yege. Tí kò bá yege, orúkọ Aldo ló máa wà lórí ìwé, ọkọ̀ yìí sì máa gbé ìyá àgbà kan àti ọmọ ọwọ́ padà lọ sí Padova lórí òpópónà ńlá, pẹ̀lú ìdí tó ń gbálẹ̀.

"Signor Aldo, ẹ má fọwọ́ sí i."

Bírò dúró.

"Mo ra sípíríǹgì tó yàtọ̀. Ti gasolio ni. GPL lọkọ̀ yìí."

Aldo wo ojú rẹ̀, ó wo ìdí ọkọ̀, ó tún wo ojú rẹ̀. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló ba Adélaní lẹ́rù. Ó bọ́ kóòtù, ó gbé e kọ́.

"Agenzia máa ṣí ní aago méje ààbọ̀ ọ̀la. Mo lè fún wọn níwèé nígbà yẹn," ó ní. "Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní, èmi fúnra mi máa wo abẹ́ ọkọ̀ yìí. Tó bá tọ́, màá fọwọ́ sí i. Tí kò bá tọ́, la chiave." Ó tọ́ka sí àpò Adélaní níbi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Aago mọ́kànlá ti kọjá. Adélaní pe Sàídù.

"Sàídù, sípíríǹgì yẹn, mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí ti GPL."

"GPL kẹ̀? Mo bi ọ́ àbí mi ò bi ọ́?"

"O bi mí."

"Kí lo wí?"

"Sàídù, jọ̀ọ́."

"Rárá, wí i, kí n fi gbọ́. Kí lo wí?"

"Mo ní gasolio."

"Ẹ ṣeun. Ṣé o ti kàn án mọ́ ọkọ̀?"

"Méjì ẹ̀yìn nìkan."

"Ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Ọ̀dà rẹ̀ ti họ, kò sí bí mo ṣe fẹ́ tà á fún ẹlòmíì. Wò ó, ti GPL wà ní magazzino wa ní Settimo níbẹ̀, ìwọ lo kó ẹrù níbẹ̀ jù, o mọ ilẹ̀kùn. Igba ó lé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kò sí ẹ̀dínwó lónìí."

"Mo máa san án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọ̀gá mi kò gbọ́ Yorùbá, kò sì mọ̀ ọ́. Fi owó sórí káàdì Postepay mi. Tó bá ti wọlé, màá ní kí wọ́n gbé e síta fún ọ. Aago kan ni wọ́n ń lọ jẹun, aago mẹ́ta ni wọ́n ń dé. Máa sáré."

Adélaní yíjú sí Ìfẹ́táyọ̀. Kó tó lanu, Ìfẹ́táyọ̀ ti ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ rí yín fín. Ṣùgbọ́n mo sọ gáàsì, gáàsì ló sì wà nínú ọkọ̀. Ṣé kí n wá ra sípíríǹgì mẹ́jọ fún ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni?"

"Mi ò tíì ní kí o san nǹkan kan."

"Ojú yín ló ń sọ ọ́."

"Ẹ dákẹ́ ná," Màmá ní. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí mọ́tò kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ dúró, ẹ ó jà lẹ́yìn rẹ̀."

Mẹ́tàdínlógún yúrò ló kù nínú owó iṣẹ́. Nínú àpò àyà ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, nínú àpòòwé, ni igba ó lé ogún wà, owó ponte tó yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ Aldo lónìí kan náà. Ó kó méjèèjì pọ̀, ó di igba ó lé mẹ́tàdínlógójì. Ó sáré lọ sí tabaccheria, ṣọ́ọ̀bù sìgá tó wà níkọ̀rọ̀ òpópónà, ó san igba ó lé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sórí Postepay Sàídù, wọ́n sì gba yúrò méjì owó iṣẹ́ tiwọn. Yúrò kan ló kù, owó kọfí kan. Kò mu ún.

Aago kan ku ìṣẹ́jú díẹ̀ ló dé magazzino. Ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ̀ ọ́n, ìyẹn ló jẹ́ kó rí páálí náà gbà. Kí ó tó kúrò níbẹ̀, ó ya páálí náà, ó ka nọ́ńbà ara sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan, ó fi wé ìwé ẹ̀rí inú rẹ̀, ó tún kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yìn yá bíi tàkọ́kọ́. Iwájú ló fẹ́ pa á. Níwájú, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì wọ inú ara wọn, ènìyàn gbọ́dọ̀ fi irin fún sípíríǹgì náà pọ̀ kó tó lè tú u. Irin tó há mọ́ra bẹ́ẹ̀, tó bá já, ó lè ya àgbọ̀n ènìyàn. Adélaní ti rí i lójú rí, n'Ìbàdàn, kò sì fi í ṣe eré. Ó ṣe ti ọ̀tún, ó gbé e padà sáyè, aago mẹ́rin lù. Ti òsì ni ọ̀pá kékeré kan tó so mọ́ ọn kọ̀ láti tú. Ìpẹtà ti jẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀. Bó bá ti ń yí nọ́ọ̀tì, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a yí. Ó da epo sí i, ó lù ú, ó tún yí i. Ibi tó wà náà ló wà. Tó bá gé e, ó di dandan kó ra tuntun, yúrò kan ló sì wà lápò rẹ̀. Lódìkejì, Aldo ń gbálẹ̀ ìdí ponte tirẹ̀, kò wo ẹ̀gbẹ́ wọn.

"Ìfẹ́táyọ̀, wá di nǹkan mú fún mi."

Ìfẹ́táyọ̀ ká ọwọ́ aṣọ ọ́fíìsì rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀.

"Sípánà kékeré yìí, tì í bọ inú ihò yẹn. Má jẹ́ kó yí."

"Tó bá fa ọwọ́ mi já ńkọ́?"

"Dókítà wà ní Padova."

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Dì í mú!"

Ó dì í mú. Adélaní fi páìpù gùn sípánà lọ́wọ́, ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Nǹkan kan dún *kẹ́!* Ìfẹ́táyọ̀ figbe ta, Màmá pe Jésù. Aldo dá ìgbálẹ̀ dúró. Adélaní dijú, nítorí pé bí irin tó kán ṣe ń dún gan-an nìyẹn. Nígbà tó fọwọ́ kàn án, nọ́ọ̀tì náà ń yí, jẹ́jẹ́, lórí ara rẹ̀.

"Ó ti tú," ó ní.

"Ṣé kí n fi í sílẹ̀?"

"Fi í sílẹ̀. O ṣeun."

"Ẹ fi èyí kún owó tí ẹ máa yọ fún mi."

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan ilẹ̀. Ọkọ̀ náà jókòó gbọọrọ, imú àti ìdí dọ́gba. Aldo dé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti téèpù. Ó wọn ọ̀tún, ó wọn òsì. Ó wólẹ̀ sórí páálí, ó ka nọ́ńbà ara sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan sókè bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì, Adélaní sì ń dá a lóhùn láti inú ìwé ẹ̀rí. Nígbà tó dìde, ó fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní:

"Il libretto."

Ìfẹ́táyọ̀ ṣí àpótí iwájú ọkọ̀, ó mú un jáde, ó fún un. Ibẹ̀ ló máa ń wà. Ibẹ̀ ló wà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ nígbà tí ọkọ̀ gun ponte. Aldo ṣí i, ó fi èékánná elépo fa ìlà sábẹ́ ibì kan, ó nà án sí Adélaní lójú. *Benzina/GPL*, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, gbàgàdà.

"Ibí ló wà," Aldo ní. "Látàárọ̀."

Aldo fọwọ́ sí ìwé, ó ká a, ó fi sápò. Ó sọ fún un pé òun máa fi ẹ̀rọ tún ojú táyà ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́, ogójì yúrò. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́.

"E l'affitto? Owó ponte dà?"

"Ó wà lábẹ́ ọkọ̀, signor Aldo."

Aldo wo abẹ́ ọkọ̀. Ó wo àwọn sípíríǹgì náà tí wọ́n ń dán. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀.

"Igba ó lé ọgọ́ta nígbà náà," ó ní. "Mo ń dúró."

Màmá ni kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó rìn lọ síbi ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó kọ̀ kí wọ́n gbé àpótí wá. Ó yí ẹ̀yìn sí ìjókòó, ó rọra jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó gbé ìkejì. Kò sẹ́ni tó tì í. Ó fa ilẹ̀kùn pa fúnra rẹ̀, ó sì sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Ìfẹ́táyọ̀, èló ni sípíríǹgì kejì yìí?"

"Igba ó lé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, Màmá."

"Àti méjì ti tabaccheria," Adélaní fi kún un.

"Ẹ pín in sí méjì. Ìwọ kò sọ gáàsì wo, òun kò béèrè gáàsì wo. Ó tán."

"Màmá, ṣùgbọ́n..."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ máa ti ìdí mi ni?"

Ìfẹ́táyọ̀ kó iṣu padà sí búùtù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnjiníà Motorizzazione ní Torino kì í ṣe èyí tó ń wo ìwé nìkan. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó wólẹ̀, ó ka nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo àsìkò tó fi wà lábẹ́ ọkọ̀, Adélaní di kọ́kọ́rọ́ officina mú nínú àpò títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà dìde, ó lu òǹtẹ̀, ó pe ọkọ̀ tó kàn.

Níwájú ibẹ̀ ni Ìfẹ́táyọ̀ ti san ọgọ́fà tó kù lórí iṣẹ́ àti méjìdínlọ́gọ́fà, ìdajì tirẹ̀ nínú sípíríǹgì kejì. Igba ó lé méjìdínlógójì. Nígbà tí ó gbéra lọ sí Padova, àpótí tòmátò kò sí nínú búùtù mọ́. Màmá ti ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní officina, ó ní ẹni tó ṣiṣẹ́ náà ló nílò ibi ìjókòó.

Adélaní kó gbogbo owó náà fún Aldo, kò yọ kọ́bọ̀ kan, ó sì fi yúrò kan tó kù ra kọfí fún un. Aldo kà á, ó mu kọfí, ó ní:

"Ó ku méjìlélógún."

"Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọjọ́ Ẹtì náà, Adélaní mú méjìlélógún wá, kò sí ẹyọ kan tó dín. Aldo wà lórí àpótí tòmátò, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó wo owó náà, kò gbà á.

"Mú un lọ. Tí o bá ṣì jẹ mí ní méjìlélógún yúrò, mo mọ ibi tí màá ti rí ọ."

Adélaní rò pé eré ni. Ó tún mú un wá lóṣù tó tẹ̀ lé e, Aldo tún lé e. Gbèsè náà wà níbẹ̀ títí dòní. Oṣooṣù tí Adélaní bá ti san owó ponte, Aldo á kà á tán, á sì na bírò sí i: "Pẹ̀lú méjìlélógún." Sípíríǹgì dísù mẹ́rin ṣì so kọ́ ara ògiri, méjì họ, méjì mọ́, kò tíì rí ẹni rà á. Bí ènìyàn bá sì pè é láti Padova, tàbí láti Parma, tàbí láti ibi yòówù kó jẹ́, tó ní gáàsì ni ọkọ̀ òun ń mu, kò ní jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Libretto," ni Adélaní á wí. "Fọ́tò rẹ̀. Báyìí."